Samuel Coleridge-Taylor, ẹni tí ó fi orin ṣe iṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo wa ni a ń kọrin. A ń kọrin nílé. A ń kọrin ní ilé-ìwé. A ń kọrin níbi ìgbéyàwó àti níbi ìkómọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ ro orin náà? Ta ni ó ni ín? Ǹjẹ́ orin lè bọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí ọkùnrin kan tí ó gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Samuel Coleridge-Taylor ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń kọ orin rẹ̀.

1. Iṣẹ́ mẹ́ta nínú orin

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ mẹ́ta yìí.

Ẹni tí ń fi ohùn rẹ̀ kọrin ni akọrin.

Ẹni tí ń ro orin tuntun, tí ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, ni aṣẹ̀dá orin. Orí ìlà márùn-ún ni ó ń kọ orin rẹ̀ sí. Àmì tí ó wà lókè dúró fún ohùn òkè. Àmì tí ó wà nísàlẹ̀ dúró fún ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kọ «ọkọ́» àti «ọkọ̀», àmì tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ fún yín bóyá ohùn yóò gòkè tàbí yóò sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àmì orin ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ orin kan rí lè wo àmì rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ láìṣì í.

Ẹni tí ó dúró níwájú àwọn akọrin àti àwọn tí ń lo ohun èlò orin ni adarí orin. Adarí orin kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí orin bá ń lọ. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó máa ń mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ọ̀pá náà bá yára, orin á yára. Bí ọ̀pá náà bá rọra, orin á rọra. Bí ó bá gbé ọwọ́ òsì sókè, àwọn akọrin á gbé ohùn sókè. Bí ó bá tẹ ọwọ́ náà wálẹ̀, wọn á rẹ ohùn sílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè máa wo ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ń dákẹ́ pọ̀.

Samuel Coleridge-Taylor jẹ́ aṣẹ̀dá orin. Ó tún jẹ́ adarí orin.

2. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 1875, wọ́n bí Samuel ní Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Alice Martin ni orúkọ ìyá náà. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀. Daniel Taylor ni orúkọ bàbá náà, Sàró ni ó sì ti wá. Ó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó kọ́ ọ tán, ó padà sí Áfíríkà, ó sì ṣe iṣẹ́ náà ní Gáḿbíà.

Samuel kò gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àti bàbá ìyá rẹ̀ ni ó dàgbà sí, ní ìlú Croydon, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kì í ṣe olówó. Iṣẹ́ bàbá àgbà náà ni láti kan irin mọ́ pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin, nítorí ẹṣin ni ó ń fa ọkọ̀ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà yìí mọ fayolíìnì ta. Fayolíìnì jọ gòjé. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ní okùn mẹ́rin. A ó fi í sí abẹ́ àgbọ̀n, a ó sì fi ọrun fa okùn rẹ̀ kí ó tó dún. Bàbá àgbà fún Samuel ní fayolíìnì kékeré kan. Ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń ta á.

3. Ọmọ tí ó di fayolíìnì mú

Wọ́n ní ní ọjọ́ kan, olùkọ́ orin kan tí ń jẹ́ Joseph Beckwith yọjú lójú fèrèsé. Ó rí ọmọdékùnrin kan ní ìta. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ kan yí ọta dígí kéékèèké nílẹ̀, ó ń ṣeré. Kí ni ó wà ní ọwọ́ kejì? Fayolíìnì ni! Ó ń ṣeré, ṣùgbọ́n kò fi fayolíìnì rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Beckwith pè é wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń kọ́ ọ ní orin.

Ní ilé-ìwé, àwọn ọmọ kan ń fi àwọ̀ ara Samuel ṣe yẹ̀yẹ́. Samuel kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń bá fayolíìnì rẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni kan tún wà ní Croydon tí ń jẹ́ Herbert Walters. Òun ni ó ń darí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ó gbọ́ ohùn Samuel, ó sì mú un wọ ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀. Ní ọdún 1890, nígbà tí Samuel di ọmọ ọdún 15, Ọ̀gbẹ́ni Walters ràn án lọ́wọ́ láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Royal College of Music ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣì wà títí di òní.

4. Ní ilé-ẹ̀kọ́ orin

Fayolíìnì ni Samuel kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ̀dá orin. Olùkọ́ rẹ̀ ni Charles Villiers Stanford. Stanford le gan-an. Bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò bá dára, kò ní yìn ín.

Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan bú Samuel nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Stanford gbọ́. Ó dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lóhùn pé orin tí ó wà nínú ọmọ-ìka kékeré Samuel ju èyí tí ó wà nínú gbogbo ara òun lọ.

Ní ọdún 1898, àwọn kan tí ń ṣe àjọ̀dún orin ní ìlú Gloucester fẹ́ orin tuntun. Wọ́n lọ bá Edward Elgar, aṣẹ̀dá orin kan tí ó ti lókìkí. Elgar kò ráyè. Ó ní kí wọ́n lọ bá Samuel Coleridge-Taylor. Samuel kọ orin náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì darí rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 23 ni. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ gidigidi.

5. Àsè ìgbéyàwó Hiawatha

Lẹ́yìn oṣù méjì péré, orin mìíràn jáde. Orin yìí ni ó sọ Samuel di olókìkí.

Ewì gígùn kan wà tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Longfellow, kọ. Ewì náà sọ ìtàn Hiawatha, akọni kan láàárín àwọn tí ó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀. Samuel mú ibi tí Hiawatha ti ń gbé ìyàwó, ó sì ṣe orin sí i.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú orin náà? Àlejò pọ̀ níbi àsè. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Pau-Puk-Keewis jó títí tí eruku fi sọ. Chibiabos kọrin ìfẹ́. Iagoo, àgbàlagbà tí ó fẹ́ràn àsọdùn, pa ìtàn. Ẹ̀yin náà ti rí irú àsè bẹ́ẹ̀ rí, àbí?

Ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 1898 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orin náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Stanford ni ó darí rẹ̀. Arthur Sullivan, aṣẹ̀dá orin tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ń ṣàìsàn. Síbẹ̀ ó wá gbọ́ ọ.

Kò pẹ́, orin náà tàn kálẹ̀. Ní ìlú ńlá àti ìlú kékeré, àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń ra ìwé rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ni a tà.

6. Owó orin náà

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí.

Samuel nílò owó. Iléeṣẹ́ kan tí ń tẹ ìwé orin ní òun yóò ra orin Hiawatha. Samuel gbà. Ó tà á pátápátá ní pọ́ùn 15 àti ṣílè 15.

Láti ọjọ́ náà, orin náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Bí a bá ta ìwé rẹ̀ kan, kò sí owó fún un. Bí a bá ta ẹgbẹ̀rún kan, kò sí owó fún un. Bí àwọn ènìyàn bá san owó láti wá gbọ́ ọ, kò sí owó fún un. Ó dà bí àgbẹ̀ tí ó ta igi ọsàn rẹ̀ ní owó agbọ̀n ọsàn kan. Ọdọọdún ni igi ń so, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń ká a.

Ní ìparí ọdún 1899, Samuel gbé Jessie Walmisley níyàwó. Òyìnbó ni Jessie, ilé-ẹ̀kọ́ orin kan náà ni wọ́n sì ti mọ ara wọn. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Hiawatha! Lẹ́yìn náà, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Avril.

Kí ilé tó lè jẹun, Samuel ní láti ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀. Ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú dé ìlú, ó ń darí àwọn ẹgbẹ́ akọrin. Bí ó bá délé, ó tún ń kọ orin tuntun.

Okìkí kò dá yẹ̀yẹ́ dúró. Nígbà tí Avril dàgbà, ó rántí pé bí bàbá òun bá mú òun lọ́wọ́ ní òpópónà, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan sì ń bọ̀ níwájú, bàbá á di ọwọ́ òun mú gírígírí títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dun òun.

7. Orin ilẹ̀ bàbá rẹ̀

Nígbà tí Samuel wà ní ọ̀dọ́, àwọn akọrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Frederick Loudin ni ó kó wọn wá. Wọ́n ń kọ orin tí àwọn baba wọn kọ nígbà tí wọ́n wà lóko ẹrú. Orin náà wọ Samuel lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa àwọn ènìyàn bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1900, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú láti ibi púpọ̀ pé jọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fẹ́ jíròrò nípa ẹ̀tọ́ wọn. Samuel wà láàárín wọn.

Ní ọdún 1905, ó gbé ìwé kan jáde fún àwọn tí ń tẹ dùùrù. Orin 24 ni ó wà nínú rẹ̀. Orin 7 ti Áfíríkà wá. Orin 1 ti àwọn erékùṣù Karíbíánì wá. Orin 16 ti ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wá.

Ẹ wo orin keje! Oloba ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀. Orin Yorùbá ni!

Báwo ni orin Yorùbá ṣe dé ọwọ́ ọkùnrin tí kò gbé ilẹ̀ Yorùbá rí? Ìyáàfin Victoria Randle ti Èkó ni ó fún un. Ìtàn ìyá Victoria kan ilẹ̀ wa níbí. Àìná ni orúkọ ìyá náà. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó ìlú wọn, Òkè-Ọ̀dàn, ní ọdún 1848. Wọ́n mú un lẹ́rú lọ sọ́dọ̀ Ọba Gẹ̀zò. Ní ọdún 1850, ọba fi í ta ọ̀gákọ̀ òyìnbó kan lọ́rẹ. Ọ̀gákọ̀ náà mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọbabìnrin Victoria sì di alágbàtọ́ rẹ̀. Nígbà tí Àìná bí ọmọbìnrin, ó sọ ọ́ ní orúkọ ọbabìnrin náà.

Ẹ kíyè sí ohun tí Samuel ṣe nínú ìwé rẹ̀. Lókè orin kọ̀ọ̀kan, ó kọ orin àtijọ́ náà bí ó ti gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi kún un. Ó sọ ibi tí orin ti wá. Ó dárúkọ Ìyáàfin Randle. Kò ní, «Èmi ni mo ni gbogbo rẹ̀.»

8. Ní Amẹ́ríkà

Ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ akọrin kan sílẹ̀ ní ọdún 1901. Wọ́n fi orúkọ Samuel pe ẹgbẹ́ náà, bí wọn kò tilẹ̀ tíì rí i rí. Ní ọdún 1904, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn. Ó darí orin Hiawatha fún wọn. Ààrẹ Theodore Roosevelt gbà á lálejò. Inú àwọn akọrin náà dùn. Wọ́n rí ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn tí òyìnbó àti dúdú jọ ń wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Samuel tún padà lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1906 àti 1910.

9. Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1912, Samuel lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Croydon. Ó ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Ó padà sílé. Òtútù àyà ni ó mú un. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ó kú. Ọmọ ọdún 37 péré ni.

Owó tí ó fi sílẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ kò tó nǹkan. Ọba George Karùn-ún ní kí wọ́n máa fún Jessie ní pọ́ùn 100 lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe àpéjọ orin ńlá kan láti kó owó jọ fún wọn.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè. Gbogbo ìlú ni ó ń kọ orin ọkùnrin yìí. Kí ló dé tí ilé rẹ̀ fi ṣófo? Ní ọdún 1914, àwọn aṣẹ̀dá orin àti àwọn tí ń tẹ ìwé orin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹnikẹ́ni bá lo orin níbi tí a ti ń gba owó ìwọlé, ẹgbẹ́ náà á gba díẹ̀ nínú owó náà, á sì fún ẹni tí ó ni orin. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Samuel wà lára ohun tí ó là wọ́n lójú. Ní Bẹ̀nẹ̀ náà, iléeṣẹ́ kan wà tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn olórin wa. BUBEDRA ni orúkọ rẹ̀.

Orin Hiawatha kò kú. Láti ọdún 1924 títí di ọdún 1939, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akọrin ń múra bí àwọn ará ìtàn náà, wọ́n sì ń kọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Albert Hall. Ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Hiawatha àti Avril, di adarí orin bíi bàbá wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, orin dà bí aṣọ. Kí a tó rí i wọ̀, ẹnì kan ti jókòó hun ún. Ó yẹ kí a mọ orúkọ ahunṣọ náà. Ó sì yẹ kí ahunṣọ náà jẹun.

Àlàyé ọ̀rọ̀

Adarí orin: ẹni tí ń fi ọwọ́ júwe fún àwọn akọrin.
Aṣẹ̀dá orin: ẹni tí ń ro orin tuntun, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Dùùrù: ohun èlò orin ńlá tí a ń fi ìka tẹ̀.
Ọrun fayolíìnì: ọ̀pá tí a so irun ẹṣin mọ́, tí a fi ń fa okùn.
Òtútù àyà: àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè mí dáadáa.
Alágbàtọ́: ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ akọrin? Kí ni iṣẹ́ adarí orin?
2. Níbo ni bàbá Samuel ti wá?
3. Ta ni ó kọ́kọ́ kọ́ Samuel ní fayolíìnì?
4. Èló ni Samuel ta orin Hiawatha? Kí ló dé tí owó náà fi kéré?
5. Ta ni ó fún Samuel ní orin Oloba?
6. Kí ni àwọn aṣẹ̀dá orin ṣe ní ọdún 1914?

Iṣẹ́ ilé

Ẹ lọ bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní orin kan tí wọ́n kọ nígbà èwe wọn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ yín sí abẹ́ rẹ̀, àti orúkọ ìlú tí orin náà ti wá.